Máàkì pé, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ àwọn: Ohun tójú ọmọ àlejò ń rí ní fásitì ìjọba

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde lọ́dọọdún, oríṣi ilé méjì ló máa ń wà ládùúgbò. Ilé kan wà tí ọmọ ibẹ̀ ò ṣe dáadáa. Àwọn yẹn mọ ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n á bá ọmọ wọn wí, wọ́n á ní kó lọ múra sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ilé kejì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tojú súni. Ọmọ ibẹ̀ gba máàkì tó jọjú, ìyá rẹ̀ ti jó, bàbá rẹ̀ ti pe gbogbo ẹbí lórí fóònù, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, wọ́n wá tirẹ̀ títí, wọn ò rí i. Ẹlòmíràn tí máàkì ẹ̀ ò tó tiẹ̀ ti wọlé sí kọ́ọ̀sì kan náà. Kí ló dé? Wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó ti wá ni.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń fowó ra fọ́ọ̀mù láìmọ̀ pé ẹnu ọ̀nà méjì ló wà tí wọ́n ti máa ń bi ọmọ àlejò léèrè ilé bàbá ẹ̀. Ọ̀kan ni ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé, èkejì ni ẹnu ọ̀nà owó. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ìgbàwọlé ló le. Ní fásitì ìjọba ìpínlẹ̀, owó ni wọ́n fi ń mọ àlejò.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wọlé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn àwọn bíi Yunifásítì Ìbàdàn tó ti wà látọdún 1948, Yunifásítì Èkó, OAU Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìlọrin. Owó gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ní kí ọmọ ìpínlẹ̀ kan san ju ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Ọmọ Ìbàdàn tó wà ní UI àti ọmọ Máídúgùrì tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ohun tí ò dọ́gba ni bí wọ́n ṣe wọlé.

Bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ 100, ìlànà tí ìjọba fi lélẹ̀ ni pé 45 nínú wọn máa wọlé nípa máàkì nìkan, wọn ò ní í bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n. Ọmọ 35 máa wá láti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ti fásitì ọ̀hún, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí catchment. Ọmọ 20 tó kù máa wá láti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ìwé kíkà ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó bá gba fọ́ọ̀mù OAU, ó lè jà fún àyè 45 àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá bọ́, ó ṣì lè jà fún 35, torí ọmọ catchment ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá gba fọ́ọ̀mù Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka, tàbí Ahmadu Bello ní Zaria, àyè 45 yẹn nìkan ló kù tó lè fojú sí. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ọmọ onílé náà wà nínú àwọn tó ń du 45 ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó yẹ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nítòsí ilé fi ń jókòó sílé lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ranjú mọ́.

OAU tiẹ̀ máa ń gbé máàkì ìgbàwọlé jáde ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rí i pé fún kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, máàkì tí wọ́n fi gba ọmọ ìpínlẹ̀ kan lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi gba ọmọ ìpínlẹ̀ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú catchment kan náà ni wọ́n wà. Ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé bá ti pọ̀ láàárín àwọn tó gba fọ́ọ̀mù, máàkì tiwọn ló máa ń ga.

Èyí tó wá máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti àwa Yorùbá fúnra wa. Kò sí ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù tó wà lára àwọn tí wọ́n ní ìwé ò tíì rinlẹ̀. Ṣùgbọ́n Kwara àti Kogi wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìkìrun. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń ná ọjà. Ààlà ìpínlẹ̀ tí ìjọba fà sáàárín wọn ló sọ ọ̀kan di ẹni tó lè wọlé látinú àyè 20 yẹn, tí èkejì ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ló dé tí ìjọba fi ṣe é bẹ́ẹ̀?

Ká má parọ́, ìdí wà fún un. Lọ́dún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ò tíì pọ̀ láwọn ibòmíràn. Bó bá jẹ́ máàkì nìkan ni wọ́n ń wò, ìbẹ̀rù ìjọba ni pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ díẹ̀ ló máa kún gbogbo fásitì, tí ọmọ ibi tí ò ti sí olùkọ́ ò ní í dé ibẹ̀ láéláé. Lọ́dún 1978 ni ìjọba ológun dá JAMB sílẹ̀, tí ìdánwò àti ìgbàwọlé bọ́ sábẹ́ òrùlé kan, kó tó di pé ìlànà pínpín yìí tẹ̀lé e. Ìwé òfin ilẹ̀ wa náà, ní ẹsẹ̀ 14, ní kí ìjọba máa wo ojú gbogbo ẹ̀yà bó bá ń pín nǹkan.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ló sọ ní ẹsẹ̀ 42 pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan torí ibi tó ti wá. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń wo ara wọn lójú.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti mọ èyí tó lágbára jù. Lọ́dún 1988, ọmọdébìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀. Ó gba máàkì 293. Wọn ò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì pe àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tí wọn ò gba tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ kúrò ní ilé ẹjọ́ gíga, ó dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó dé Supreme Court. Ọdún 1996 ni wọ́n tó parí ẹ̀, ọmọ náà ò sì jèrè ẹ̀. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ń jà lé lórí ti kọjá láti ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fẹ́ wọ kíláàsì kìíní ti tó ẹni tó ń lọ sí fásitì kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ kì í dúró de kóòtù kó tó dàgbà.

Ilé tí bàbá kọ́, tó di ti ẹlòmíràn

Ọ̀tọ̀ ni ti fásitì ìpínlẹ̀. Gómìnà ló ń fún wọn lówó, nítorí náà ó wọ́pọ̀ láàárín wọn pé kí ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ san tiẹ̀, kí ọmọ àlejò sì san jù ú lọ. Àlàyé wọn ni pé owó ìpínlẹ̀ làwọn ń ná, ọmọ àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìtàn fi hàn pé ẹni tó jẹ́ ọmọ onílé lónìí lè di àlejò lọ́la láìkúrò lójú kan.

Lọ́dún 1982, nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajáṣin jẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ Òndó dá fásitì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Nígbà yẹn, ọmọ Adó, ọmọ Àkúrẹ́ àti ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni gbogbo wọn. Nígbà tó di October 1, 1996, ìjọba Ọ̀gágun Abacha yọ Èkìtì kúrò lára Òndó. Fásitì ò ṣí kúrò níbi tó wà o, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, ó bọ́ sọ́wọ́ Èkìtì pátápátá. Àwọn ará Òndó tí wọ́n jọ dáwọ́ jọ kọ́ ọ ní láti lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Àkùngbá Àkókó lọ́dún 1999.

Ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1990 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ lóṣù August 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì gbà pé àwọn á jọ ni ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí ọmọ Ọ̀ṣun fi ń wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n abẹ́ àjọni, ó ní wàhálà tiẹ̀. Ọ̀ṣun dá fásitì tara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2006, ìjà ẹni tó jẹ owó àti ẹni tí ò san tirẹ̀ ò sì tán nílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2016 sí 2017, wọ́n ti ẹnu ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù torí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sójú títì, wọ́n ń bẹ gómìnà méjèèjì kí wọ́n gba àwọn là. Ní November 2020 ni wọ́n tó pín gaarí, LAUTECH di ti Ọ̀yọ́ nìkan, Ọ̀ṣun sì mú ti ìṣègùn tó wà ní Òṣogbo. Ọmọ Ẹdẹ tàbí ọmọ Ìwó tó bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ọ̀nà kan náà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbà lọ ló ń gbà, àmọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ ẹ̀ ò sí lára ilé mọ́.

Nǹkan mìíràn ni pé owó fásitì ìpínlẹ̀ lè yí padà lójijì. Lọ́dún 2011, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá gbé owó LASU kúrò ní náírà 25,000, ó di láàárín náírà 193,750 sí 348,750 fún àwọn ọmọ tuntun. Iye àwọn tó ń wọlé já wálẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn títí, kó tó di pé wọ́n dá a padà sí náírà 25,000 lọ́dún 2014. Ẹ máa rántí pé òbí tó jẹ́ ará ìlú lè fi ìbò halẹ̀ mọ́ gómìnà. Òbí tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ò ní ìbò kankan níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá bù fún un ló máa san.

Ta ni ọmọ ìpínlẹ̀ gan-an?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa òṣìṣẹ́ tí à ń gbé ní ìlú ńlá. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wá láti Ìlá Ọ̀ràngún, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà láti ogún ọdún. Abẹ́ òfin, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù ẹ̀, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ń lọ sí, kì í ṣe ìpínlẹ̀ bàbá ẹ̀. Ìyẹn ni pé Ògùn ló ń gba owó ẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀ sí Ọ̀tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sílé ẹ̀kọ́, ọdún iléyá tàbí kérésì nìkan ni wọ́n ń dé Ìlá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹ̀ bá dé iwájú akọ̀wé fásitì ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ní kó mú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wá, ìwé Ìlá ló máa mú jáde. Àlejò ni. Bàbá ẹ̀ ti fi ogún ọdún sanwó sí ilé tí wọ́n ní kì í ṣe tiẹ̀.

Àwọn tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà á ti gbọ́ pé irú ẹ̀ wà lọ́hùn-ún náà. Òótọ́ ni. Fásitì ìjọba bíi ti Michigan, Virginia, North Carolina àti California ní Berkeley lórúkọ káàkiri ayé, ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tó bá sì lọ síbẹ̀ lè san ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta owó ọmọ onílé, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Chapel Hill tó wà ní North Carolina, òfin wọn ni pé nínú ọmọ 100 tó ń wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó ti ìta ìpínlẹ̀ wá ò gbọdọ̀ ju 18 lọ.

Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Níbẹ̀, ibi tí ìwọ àti òbí rẹ ń gbé ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá rẹ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan, tó ṣiṣẹ́, tó sanwó orí, tó sì fi hàn pé kì í ṣe torí ìwé nìkan lòun ṣe wá, ti di ọmọ onílé. Lọ́dún 1973, nígbà tí ìpínlẹ̀ Connecticut fẹ́ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, àlejò ló máa jẹ́ títí tó fi máa jáde, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní rárá, kí wọ́n fún un láyè kó fi hàn pé ibẹ̀ ti di ilé òun. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí òbí ẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí Houston, ọmọ Texas ni nígbà tí wọ́n bá ń ka owó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ ni wọn kì í sábà kà mọ́ ọn. Ọmọ Ìlá tí wọ́n bí sí Ọ̀tà ò rí irú ẹ̀ gbà nílé.

Ohun tí ò sí nínú ìwé ìgbàwọlé

Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ọmọ àlejò ń san. Ọmọ onílé lè máa ti ilé wá, ó lè sáré lọ bu gaarí nílé ìyá àgbà. Ọmọ àlejò gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa sùn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìta ọgbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, ládùúgbò bíi Under G àti Adénikẹ̀ẹ́. Ní Ifẹ̀, ẹni tí ò bá rí yàrá gbà nínú ọgbà á bá ara ẹ̀ ní Lágere tàbí Aṣẹ́rífà, níbi tí lánlọ́ọ̀dù ti ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ọmọ onílé á lọ sílé, kò pàdánù ju àsìkò lọ. Ọmọ àlejò á lọ sílé náà, ṣùgbọ́n yàrá tó tì sílẹ̀ ń jẹ owó. Lọ́dún 2020, àwọn olùkọ́ fásitì yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́sàn-án, lọ́dún 2022 wọ́n tún lo oṣù mẹ́jọ. Òbí tó san owó ilé lọ́dún méjèèjì yẹn, eku àti aláǹtakùn ló sanwó fún.

Ìdí nìyẹn tí Ìlọrin fi di ààyò ọ̀pọ̀ òbí fún ọdún gbọgbọrọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2001 tí wọ́n lé olùkọ́ 49 lọ, tí Supreme Court sì dá wọn padà lọ́dún 2009, fásitì náà ò bá àwọn tó kù yanṣẹ́ lódì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òbí tó wà ní Èkó mọ̀ pé bí ọmọ òun bá wọlé níbẹ̀ nígbà náà, ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin ni.

Àǹfààní wà níbẹ̀ o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ tó ti Èkó lọ sí Adó á kọ́ béèyàn ṣe ń fi owó oṣù kan jẹun fún oṣù kan. Á mọ Yorùbá tó ju ti Ìdúmọ̀tà lọ, á sì ní ọ̀rẹ́ tí ò ní mọ̀ láé ká ní ìdí ìyá ẹ̀ ló jókòó sí. Àìrìn pọ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn mọ̀ pé Nàìjíríà gbòòrò.

Kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú fásitì ìjọba àpapọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín wà nínú catchment ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé àyè 45 nìkan lẹ ń dù, kí ọmọ yín kàwé bí ẹni tó fẹ́ gba ipò kìíní. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ béèrè iye tí àlejò ń san, kẹ́ ẹ sì fi ọdún tí kọ́ọ̀sì náà máa gbà sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi owó ilé àti owó ọkọ̀ kún un. Ẹlòmíràn máa ń dá owó ọdún kìíní nìkan jọ, ọdún kejì ni ojú ń já a.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Àwọn kan ń fi í ṣòwò. Wọ́n á ní kí ọmọ Ọ̀yọ́ di ọmọ Kwara lọ́sàn-án kan òru kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú àṣírí ẹ̀, bó bá jẹ́ ọdún tí ọmọ fẹ́ jáde ni, ìwé ìgbàwọlé lè di èyí tí wọ́n fà ya, ọdún mẹ́rin á sì bá omi lọ.

Ẹ tún rántí pé ìpínlẹ̀ yín ò gbàgbé yín tán. Bọ́sárì tí ìpínlẹ̀ bíi Èkó máa ń fún ọmọ bíbí ibẹ̀, ọmọ náà lè gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé fásitì ìpínlẹ̀ mìíràn ló wà. Owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní NELFUND, tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ẹ̀ ní April 2024, kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún fásitì, ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Gbèsè ni, ẹ má pè é ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ.

Ní tàwọn tó ń ṣòfin, ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ bá lè gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, kò yẹ kí wọ́n tún máa pe ọmọ ẹ̀ lálejò lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí èèyàn bá ń gbé ló ń ṣe. Àwọn Yorùbá tó wà ní Ọ̀tà, Ìkòròdú àti Ìbàdàn ti ṣe tiwọn. Ó ku ti àwọn gómìnà.